Àlàfo Tó Wà Lára Nọ́ńbà Agbédò

Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, Bàbá Olúgbódi àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti fi ẹgbẹ̀rún ó lé ogójì nọ́ńbà dán nọ́ńbà ẹnubodè wò, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó pín in géérégé. Ẹni tó bá parí tiẹ̀ á na síléètì sókè, á kígbe pé, "Ó ṣẹ́kù," wọ́n á sì ju ìdérí ìgò kan sínú agbọ̀n. Agbọ̀n náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Gbogbo ará Agbédò, ìlú orí omi náà, jókòó sórí afárá, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n sì ti ń gbọ́ "ó ṣẹ́kù, ó ṣẹ́kù" láti àárọ̀ títí ó fi sú wọn.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń bá jà yìí kò fara pamọ́. Idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́, wọ́n sì kàn án mọ́ ẹnubodè níbi tí gbogbo ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọlé: 399,999,559. Ọmọ Agbédò á ti mọ̀ ọ́n kà kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀ dáadáa. Mẹ́ta, mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀marùn-ún, márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́sàn-án. Bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù ni wọ́n ṣe máa ń kà á, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtọmọdé àtàgbà wọn. Kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ pé mélòó gan-an ni.

Obìnrin àgbà kan dìde nídìí tábìlì kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá Olúgbódi. Ìyá Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é lọ́jọ́ náà, nítorí òun ni olórí àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta tó wá láti ìlú mìíràn. Ó tú ìwé kan, ó sì gbé ojú sókè wo Etí kó tó sọ̀rọ̀. Etí ni ohun bàbà tó rí bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tó wà lórí òpó láàárín ìlú. Bí ẹ̀rọ kankan bá ronú láàárín ibùsọ̀ kan sí i, yóò ké, ìpènijà náà yóò sì bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rọ gbogbo fóònù ìlú sínú àgbá oníyọ̀ láti àná. Bàbá Sùnmọ́nù, tí orúnkún irin rẹ̀ máa ń ka ìṣísẹ̀ fún un, ni wọ́n fi ọkọ̀ gbé jáde ní tipátipá, ó sì ṣépè títí wọ́n fi gbé e dé ìkọjá odi.

"Òfin ní kí n tún un kà lọ́sàn-án," ni Ìyá Ẹlẹ́rìí wí. "Ìlú tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ olóríkunkun, tí kò gbà kí nọ́ńbà mìíràn pín òun àfi ení àti òun fúnra rẹ̀, ti Ilé Olùdásílẹ̀ tó fún un ní nọ́ńbà náà ni títí ayé. Ìlú tí nọ́ńbà rẹ̀ bá gbà láti pín, ti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni. Ọwọ́ ènìyàn ni yóò pín in. Ẹ̀rọ ti jẹ́rìí èké tó. Ogún ọdún sí ogún ọdún ni ìpènijà, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di ìgbà tó bá wọ̀. Agogo kan, ìkéde kan. Bí ìkéde bá yẹ̀, ẹni tó lu agogo àti gbogbo ará ilé rẹ̀ yóò lọ sìn níbi ìyọ́-dígí lórí ilẹ̀ fún ogún ọdún. Ẹnikẹ́ni tó bá sì gbé ọwọ́ lé tábìlì tàbí tó bá a sọ̀rọ̀ nípa nọ́ńbà, tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti gba tábìlì nìyẹn, ìkéde sì di ọrùn rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́," ni ìlú dáhùn, bí ẹni ń dáhùn àdúrà tó ti gùn jù.

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn, Aṣojú Ilé Olùdásílẹ̀, na ẹsẹ̀ ní tiẹ̀ sábẹ́ agboòrùn, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré bó ọsàn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ta ni ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀? Ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi pákó kan kún ilé láìgba ìwé lọ́wọ́ Aṣojú, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kò lè gbéyàwó láìjẹ́ pé òun fi òǹtẹ̀ lù ú, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí wọ́n ń kó lórí omi kì í dúró sílé wọn ju èyí tí òun bá fún wọn lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pe nọ́ńbà náà níjà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni oòrùn wọ̀ mọ́ wọn lórí. Ìṣirò ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí kò le: nọ́ńbà olóríkunkun tó wà lábẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, jẹ́ ẹgbọ̀kànlá ó lé méjìlélọ́gọ́ta, gbogbo rẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n dán wò, nítorí bí nọ́ńbà ẹnubodè bá máa pín, ọ̀kan nínú apá rẹ̀ kò ní kọjá ibẹ̀. Òfin kò gbà ju ọmọ ẹ̀kọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n dé báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ẹgbàárin ni, ọwọ́ sì ti ń ro wọ́n. Bí ọwọ́ wọn ṣe ń falẹ̀ yìí, oòrùn yóò wọ̀ kí wọ́n tó rí ẹgbàájọ pàápàá.

Ìbídùn jókòó sórí afárá kẹta pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ Adétọ̀nà àti àwọn ọmọ wọn méjì. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni kí wọ́n máa tẹ́ dígí oòrùn sórí omi, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kí wọ́n sì máa so ó pọ̀ mọ́ okùn. Kò sí iṣẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ojú oníṣẹ́ kì í gba ìsinmi. Bí kò bá rí dígí kà, á ka ohun tó bá wà níwájú rẹ̀. Ohun tó wà níwájú Ìbídùn ni nọ́ńbà ẹnubodè, ó sì ń wò ó ṣáá, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń wò ó.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí àwọn atẹ́dígí ṣe máa ń kà. Bí ìjì bá jà lórí omi, ẹni tó bá ní òun fẹ́ ka dígí tó kù, òmùgọ̀ ni, ilẹ̀ yóò sì ṣú bá a níbẹ̀. Iye tó wà nígbà tí pápá kún, gbogbo ènìyàn ló ti mọ̀ ọ́n. Àlàfo ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò. Bí o bá bi atẹ́dígí pé dígí mélòó ló wà ní pápá rẹ̀, kò ní sọ pé ẹgbẹ̀rún kan àti kiní kan. Yóò sọ ohun tó yẹ kó jẹ́, yóò wá sọ ohun tó fi dín. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ihò ni wọ́n ń kà.

Ihò náà ni Ìbídùn kà. Ó wo mẹ́sàn-án tó tò tẹ̀lé ara wọn lórí idẹ náà, ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, pápá yìí ì bá kún, ìjì ló mú díẹ̀ nínú rẹ̀. Ì bá kún kó jẹ́ irinwó mílíọ̀nù. Irinwó mílíọ̀nù, ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́ nìyẹn: ọ̀kẹ́ kan ìlà, ọ̀kẹ́ kan dígí nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó wo 559 tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà: mélòó ni ìjì mú?

"Bàbá Mofẹ́," ó pe ọkọ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "kí la máa fi kún ẹgbẹ̀ta ó dín mọ́kànlélógójì kó tó di ẹgbẹ̀rún?"

"Irinwó ó lé mọ́kànlélógójì." Adétọ̀nà kò tilẹ̀ yíjú. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mọ́kànlélógún lọ́nà mọ́kànlélógún ńkọ́?"

"Kí ló tún kù nínú ìyẹn? Àbí o ti gbàgbé iye dígí tí ìjì ńlá mú lọ́dún yẹn? Irinwó ó lé..." Ó yíjú wo ìyàwó rẹ̀, ó wá yíjú wo ẹnubodè, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà. Nígbà tó kà á tán, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tí òtútù mú lójijì.

"Igun ló sọnù," ni Ìbídùn wí. "Ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́, igun mọ́kànlélógún lọ́nà mọ́kànlélógún ló sọnù lára rẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn."

Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí pápá tí igun rẹ̀ sọnù. Kì í dúró lórí omi bẹ́ẹ̀. Okùn á máa fà á sápá kan ni. Wọ́n á tú àwọn ìlà tí kò pé mọ́, wọ́n á yí wọn, wọ́n á wá so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyókù, pápá á sì tún gún régé, àfi pé ìlà rẹ̀ á dín díẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan á sì gùn díẹ̀ sí i. Wọ́n ti ṣe é tó ìgbà ogún. Ohun tó gún régé, tó ní ìlà báyìí àti gígùn báyìí, ó ti pín nìyẹn. Ìbídùn rí i bó ṣe ń rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́ pariwo.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà á.

Mofẹ́, ọmọ ọdún méje, ń fi ẹsẹ̀ ta omi. Àbúrò rẹ̀ ti sùn sórí itan bàbá rẹ̀. Bí òun bá gba tábìlì, tí ìkéde náà sì yẹ̀, àwọn méjèèjì yóò dàgbà lẹ́nu iná, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ yanrìn di dígí. Bàbá Olúgbódi kò ní irú ìyẹn láti bẹ̀rù. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bímọ, ìdí gan-an nìyẹn tí ìlú fi yàn án: bó bá ṣubú, òun nìkan ni yóò ṣubú. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ìbídùn sì ni. Òun ló tọ́ ọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọdún mẹ́wàá ló fi kọ́ àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà, láràárọ̀, nínú òjò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ ni ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, tí àwọn ènìyàn fi máa ń sọ pé òun nìkan ni Ọlọ́run fún ní ọwọ́ tó tó nọ́ńbà náà kà.

"Bí mo bá sọ ọ́, mo dójú ti Bàbá lójú gbogbo ìlú," ni Ìbídùn wí.

"Bí o kò bá sọ ọ́, ó di ogún ọdún mìíràn."

"Kí ló dé tó fi rọrùn báyìí? Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wá láti ogójì ọdún. Bóyá mo ṣì í ni."

Adétọ̀nà rò ó díẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Èmi pẹ̀lú rẹ la jọ yí pápá ìlà-oòrùn lọ́dún ìjì," ó wí. "Nígbà tí a yí i tán, tí alábòójútó kà á, ṣé dígí kan lé, àbí ó dín?"

"Kò lé, kò dín."

"Ó dáa." Ó gbé ọmọ tó sùn lé èjìká, ó na ọwọ́ sí Mofẹ́. "Dìde, a ń bá ìyá yín lọ sídìí tábìlì. Tó bá jẹ́ dígí la máa lọ yọ́, a ó jọ yọ́ ọ ni."

Ìbídùn gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ó so ìró rẹ̀ le, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn lórí afárá, àwọn ènìyàn ń yẹ̀ fún un láìmọ ìdí.

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn ló kọ́kọ́ rí i. "Ìwọ obìnrin yìí, wọ́n ti jẹun ọ̀sán," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Padà síbi tí o ti ń bọ̀."

Ìbídùn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Olúgbódi, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì.

Gbogbo ṣọ́ọ̀kì dúró. Láti òwúrọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó ṣẹ́kù.

"Ìbídùn," ni bàbá náà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀. Wọn kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀."

"Wọ́n ti kọ ọ́," ni Ìyá Ẹlẹ́rìí wí, kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀. "Orúkọ rẹ?"

"Ìbídùn, ìyàwó Adétọ̀nà, atẹ́dígí. Mo rí i. Mo fẹ́ gba tábìlì." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Mi ò rí ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ fún yín láìfọwọ́ kàn án."

Ojú bàbá náà pọ́n. "Ẹgbẹ̀rún ó lé ogójì la ti ṣe. O mọ ohun tí o gbé lé orí tábìlì yìí? Ọmọ rẹ nìyẹn tí ọkọ rẹ gbé kọ́ èjìká."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹ ò ní débẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀."

Ohùn bàbá náà wálẹ̀ débi pé àwọn tó wà nídìí tábìlì nìkan ló gbọ́. "Láti ọdún kẹta ni mo ti mọ̀. Mo kàn ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké ni." Ó nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ sára aṣọ. "Ó dára. Ìwọ lo ni tábìlì báyìí, èmi sì ti di ọmọ ẹ̀kọ́. Fi hàn mí."

Ìbídùn ti ọwọ́ bọ agbọ̀n, ó bu ìdérí ìgò jáde. Ó tò ó sórí tábìlì, márùn-ún nínú ìlà kan, ìlà márùn-ún. "Mélòó nìyí?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Ìjì jà." Ó fi ìka gbá igun ìsàlẹ̀ dànù, méjì lọ́nà méjì. "Mẹ́rin lọ. Ó ku mọ́kànlélógún, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ìlà mẹ́ta ṣì pé. Méjì ìsàlẹ̀ ti di oní-mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ wò ó, Bàbá, mo tú méjì ìsàlẹ̀ yìí, mo yí wọn dúró, mo gbé wọn ti ẹ̀gbẹ́ àwọn tó pé." Ó fi ọwọ́ fà wọ́n bó ṣe máa ń fa dígí lórí omi. Ìlà mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, ìdérí méje nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì gún bí etí pákó. "Mẹ́ta lọ́nà méje. Márùn-ún ó dín méjì, márùn-ún ó lé méjì. Mi ò fi ìkankan kún un, mi ò mú ìkankan kúrò."

Bàbá Olúgbódi tẹjú mọ́ àwọn ìdérí náà. Ìka rẹ̀ kẹfà, èyí tí kì í lò, ń lu tábìlì fúnra rẹ̀.

"Ẹ wá wo ẹnubodè," ni Ìbídùn wí. "Ẹ má kà á bí fóònù. Ẹ kà á bí pápá."

Bàbá náà gbé ojú sókè. Àwọn tó wà nítòsí sọ lẹ́yìn náà pé àwọn rí i bó ṣe dé ojú rẹ̀. Ó fa ìwé nọ́ńbà olóríkunkun rẹ̀, èyí tó fi ọdún méjì kọ, ó ṣí i láti ẹ̀yìn, ó fi ìka kà á láti òpin ewé tó kẹ́yìn sókè: ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Níbi ẹ̀kẹrin ni ìka náà dúró. Ẹ̀rín wá já lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín gidi, tó mú omi jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ̀kẹrin láti òpin," ó wí. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ó wà níbí láti ọdún mẹ́wàá. Àwọn alárékérekè Ilé Olùdásílẹ̀ yìí mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé máa ń ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ fi í pamọ́ sí ìkangun." Ó gbé òòlù agogo, ó sì fi lé Ìbídùn lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ìgbà tí a bá ń fún àgbà ní nǹkan. "Lù ú. Kí o lù ú kó dún."

Ó lù ú. Ó dún dé ìkọjá odi, níbi tí Bàbá Sùnmọ́nù ti ń bínú sí gbogbo ayé.

"Apá kan," ni Ìbídùn kéde, "ọ̀kẹ́ kan ó dín mọ́kànlélógún. Apá kejì, ọ̀kẹ́ kan ó lé mọ́kànlélógún. Ẹ ka ọ̀kan lọ́nà èkejì."

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn ti dìde. "Kí la ń ṣe níbí gan-an? Atẹ́dígí ni. Kò kàwé. Ó kàn ń méfò ni, ẹ sì fẹ́ máa—"

"Òfin ní ọwọ́ ènìyàn," ni Ìyá Ẹlẹ́rìí wí. "Ọwọ́ rẹ̀ nìyí lórí tábìlì. Ẹ jókòó."

Àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta gbé síléètì mẹ́ta, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Ìlú dákẹ́ débi pé èèyàn ń gbọ́ bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń ha. 19,979 lọ́nà ọ̀kẹ́ kan: 399,580,000. 19,979 lọ́nà mọ́kànlélógún. Kí a so méjèèjì pọ̀. Ìyá Ẹlẹ́rìí ló kọ́kọ́ parí, ó da síléètì rẹ̀ délẹ̀. Ẹnì kejì da tiẹ̀ délẹ̀. Ẹnì kẹta, bàbá arúgbó kan láti ìlú Ìta-Odò, pẹ́ lórí tiẹ̀. Wọ́n ṣí wọn.

Síléètì méjì bá ẹnubodè mu. Ti bàbá arúgbó náà kà báyìí: 399,998,559.

Ariwo kan bẹ́ láàárín ìlú, kì í ṣe ti ayọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn tún mú ọsàn rẹ̀. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ bára mu," ó wí. "Òfin yín nìyẹn."

Ìbídùn wo ọkọ rẹ̀. Adétọ̀nà mi orí díẹ̀, bó ṣe máa ń mi orí nígbà tí okùn bá ti di dáadáa. Ọkàn Ìbídùn sì wá balẹ̀. Ó ti kó pápá irú èyí kọjá ìjì rí. Kò lé, kò dín. Bí ẹnì kan bá ṣì í, òun kọ́.

"Bàbá," ó wí fún arúgbó náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún ti mọ́kànlélógún wò. Níbi tí ẹ ti kó ẹyọ kan sókè."

Arúgbó náà tẹjú mọ́ síléètì rẹ̀. Ó fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà náà láti ọ̀tún wá sí òsì, ó dé àárín, ó dúró, ó sì pòṣé. "Mo kó ẹyọ kan, mo gbàgbé rẹ̀ sọ́wọ́," ó wí. Ó pa 418,559 rẹ́, ó kọ 419,559, ó tún so wọ́n pọ̀, ó sì gbé síléètì náà lé orí rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i: 399,999,559.

Ìyá Ẹlẹ́rìí kò pariwo. Ó kàn dìde, ó sì sọ ohun tí òfin ní kó sọ. "Nọ́ńbà Agbédò ti pín. Agbédò, ti ará Agbédò ni, láti wákàtí yìí lọ."

Mi ò lè sọ bí ìlú ṣe rí lẹ́yìn náà kó tó. Àwọn kan bẹ́ sínú omi pẹ̀lú aṣọ wọn. Àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà gbé agbọ̀n ìdérí dà sókè, ó sì rọ̀ lé wọn lórí bí òjò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ń dúró de òǹtẹ̀ láti ọdún méjì na ọwọ́ sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó ní kó jẹ́ káwọn máa lọ sílé. Bàbá Olúgbódi jókòó sílẹ̀ lórí pákó, Mofẹ́ sì jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ń fi ìdérí kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí pápá, nítorí pé ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, bàbá náà sì ní kó tún ṣe é díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rìí ń ká ìwé rẹ̀ nígbà tí ó rántí ìlà kan tó kù. Ó gbé ohùn sókè díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ìlú tó bá ti di ti ara rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn lórí afárá láìgbàṣẹ."

Ọkọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn wà ní ìkangun afárá kejì. Gbogbo ojú yí sí i. Ó ká agboòrùn rẹ̀, ó tún un ká, ó sì wá bá Bàbá Olúgbódi níbi tó jókòó sí. "Bàbá," ó wí, "mo fẹ́ kọjá síbi ọkọ̀ mi."

Bàbá Olúgbódi kò gbé ojú kúrò lórí ìdérí. "Èmi kọ́ lẹ ó bi. Ẹni tó ni tábìlì ló wà lẹ́yìn yín yẹn."

Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn yíjú padà. Ìbídùn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó ń sùn lọ́wọ́ rẹ̀; kò tíì gbé òòlù agogo sílẹ̀. Láàárín wọn ni afárá tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń rìn lójoojúmọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, pẹ̀lú ìwé àṣẹ lápò.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọjá."

Ìbídùn yẹ̀ fún un. Kò bú u, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn sọ ohun tí gbogbo onílé máa ń sọ fún àlejò tó bá dìde pé òun fẹ́ máa lọ.

"Ó dàbọ̀ o," ó wí. "Ẹ bá wa kí ará ilé."